Kannakánná Nínú Ìkòkò Aró Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kéré. Ṣé ẹ̀bà ló wúwo níkùn yín báyìí ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó já sínú ìkòkò aró. Ó ta sí Àwẹ̀ró afọ́jú aláró lára, ó ta sí Ìyá Ẹlẹ́lùú olórí gbogbo aláró lára, ó sì ta sí Kannakánná ẹyẹ oníwàdùwàdù lára.

Láyé ọjọ́un, Kannakánná funfun. Ó funfun láti orí dé ìrù bíi lékelèke. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò ríran. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti fọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ aró. Bí ẹlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, bá ń jí nínú ìkòkò, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Imú rẹ̀ á gbọ́ òórùn rẹ̀. Á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á ní, "Kò tíì jí," tàbí á ní, "Ó ti jí." Ẹ̀kọ tí ó fi ń ya ọnà sára aṣọ, kí aró má baà mú ibẹ̀, ìka ló fi ń yà á. Kò sì ní ti aṣọ kankan bọ aró láìkọ́kọ́ fọwọ́ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Aṣọ tí àwọn yòókù ń rẹ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin ni tirẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn aláró yòókù kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Afọ́jú wo ló mọ dúdú yàtọ̀ sí pupa?" Ìyá Ẹlẹ́lùú bá pàṣẹ: "Àwẹ̀ró, ọjọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé iṣẹ́ rẹ padà pé ó bàjẹ́, wàá kó ìkòkò rẹ fún wa, wàá lọ máa bó ẹ̀gúsí." Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọ egungun. Ẹ̀gúsí bíbó kò burú, ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn ni ayé rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, Kannakánná balẹ̀ gbì sí àgbàlá Àwẹ̀ró.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìyá Aláró! Èmi Kannakánná ni. Ìgbéyàwó mi ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi rẹ ara mi láró, kí n dúdú minimini."

"Kí ni funfun ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò mí! Bí mo bá jẹ epo, àyà mi á ròyìn. Ọbẹ̀ tí mo lá níjẹta ṣì ń bá mi rìn kiri. Ìyàwó mi lóun ò fẹ́ ọ̀bùn."

"Mi ò rí i," ni Àwẹ̀ró wí, "ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí aró tó jí. Ṣé o lè dúró?"

"Ọjọ́ kẹta kẹ̀? Ẹ tì mí bọ̀ ọ́ kíá, ẹ fà mí yọ kíá!"

"Aró kì í gbọ́ kíá. Jókòó. Má sì fẹnu kan igbá ẹ̀kọ tó wà níbẹ̀ yẹn o. Ẹ̀kọ iṣẹ́ ni, mo ti fi álọ́ọ̀mù sí i, èyí tó ń mú ẹnu súnkì, tó ń há ohùn."

Lọ́jọ́ kìíní, Àwẹ̀ró kan aró láhọ́n, ó ní, "Kò tíì jí." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ìkòkò rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹlú mi, jí o —
*Rọra jí.*
Omi eérú ń pè ọ́ —
*Rọra jí.*
Oníwàdùwàdù ń wò ọ́ —
*Rọra jí.*

Bí orin ti ń lọ, Kannakánná ti ẹnu bọ ẹ̀kọ, ó gbé ẹnu kan mì. Lọ́jọ́ kejì, "Kò tíì jí." Orin bẹ̀rẹ̀. Kannakánná ti orí bọ ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti orí, ó ti ọrùn, ó ti àyà bọ̀ ọ́. Ó gbọn ti orí àti ọrùn dànù, ṣùgbọ́n èyí tó wà láyà gbẹ mọ́ ọn. Ìyá Ẹlẹ́lùú tó ń kọjá lọ wò ó, ó ní, "Ọkọ ìyàwó, o mà mọ́ o!"

Àwẹ̀ró kan aró láhọ́n. "Ó ti jí! Sún mọ́ mi, kí n fọwọ́ yẹ̀ ọ́ wò ná."

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí o! Àyà ọkọ ìyàwó, ìyàwó nìkan ló ń fọwọ́ kàn án!" Kí Àwẹ̀ró tó dáhùn, ẹyẹ ti bẹ́ sínú ìkòkò, jàbú!

Nígbà tó yọ, ó rí bí ewé ẹ̀fọ́. Ó figbe ta: "Yéè! Mo di ewé!"

"Dúró sójú afẹ́fẹ́, aláìnísùúrù."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọ̀ ewé ṣí kúrò, aró hàn. Ìgbà mẹ́ta ló wọ ìkòkò, ìgbà mẹ́ta ló kígbe pé òun ti di ewé. Lẹ́yìn náà ó dúdú minimini. Ó lọ ṣan ara lódò. Ẹ̀kọ bọ́ sómi. Ó wo inú omi, àyà rẹ̀ funfun gbòò!

Ó fò tààrà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́lùú. Gbogbo aláró pé sábẹ́ igi ọdán.

"Kà! Afọ́jú ti bà mí jẹ́! Kà! Ẹ wo àyà mi!"

Ìyá Ẹlẹ́lùú ní, "Àwẹ̀ró, o gbọ́? Gbé ìkòkò rẹ wá."

Àyà Àwẹ̀ró já. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Kannakánná, ohùn rẹ já geere lọ́jọ́ tí o dé. Kí ló há a?"

"Kà! Òtútù ni."

"Òtútù, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí? Ẹ bá mi dì í mú."

Wọ́n dì í níyẹ̀ẹ́ mú. Àwẹ̀ró fọwọ́ wá a láyà, ó wá a lábẹ́ apá. Ó bá èépá kékeré kan níbi tí omi kò dé. Ó fi kan ahọ́n, ẹnu rẹ̀ súnkì. "Álọ́ọ̀mù! Ẹ̀kọ mi rèé. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, ṣé aró ń mú un? Ìyá, ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá Ẹlẹ́lùú tọ́ ọ wò, ẹnu tirẹ̀ náà súnkì.

Aláró kan fọhùn lẹ́yìn: "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lójú ì bá ti rí i!"

"Ìyá lójú," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìyá wò ó láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó mọ́. Ẹ̀kọ funfun, ìyẹ́ funfun, ojú wo ló fẹ́ rí i? Ọwọ́ ni ì bá rí i, ṣùgbọ́n Kannakánná ní kí n má fọwọ́ kan òun, pé òun jẹ́ ọkọ ìyàwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ń bọ́ lórí wọn. Ìyá Ẹlẹ́lùú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, máa gbé ìkòkò rẹ lọ. Tó bá di ọ̀la, jọ̀ọ́, wá bá mi tọ́ tèmi wò. Ó pẹ́ tí n kò ti mọ ìgbà tó ń jí."

Kannakánná dọ̀bálẹ̀. "Ẹ tún mi rẹ, ìyá mi!"

"Màá tún ọ rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ṣé wàá dúró?"

"Ọjọ́ mẹ́ta! Kà! Ìyàwó ń retí mi!" Ó ti fò lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó kúkú sàn ju ọbẹ̀ lọ." Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, aṣọ yẹn kan náà ni wọ́n wọ̀ wáyé.

Ìdí nìyẹn tí Kannakánná fi dúdú tí àyà rẹ̀ sì funfun, tí ohùn rẹ̀ sì há títí di òní. Ibi tí mo sá àlọ́ mi sí rèé. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí Kannakánná tó máa kọjá lọ́la dúdú láti orí dé ìrù. Bí ẹ bá sì rí funfun láyà rẹ̀, ẹ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.