Iná Ọ̀yà tí Ó Gba Àwẹ̀ró Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará abà yìí. Ìwọ tí ò ń wòkè lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ojú mi ni kí o wò, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò sí lójú ọ̀run. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ará Òkè-Apó. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba tó bí baba mi. Bí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí ọyẹ́ bá dé, tí koríko bá gbẹ, à á tiná bọ ìgbẹ́ lápá kan, à á sì mú kùmọ̀ àti ìbọn dúró lápá kejì de ọ̀yà tí yóò sá jáde. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ẹ má pàtẹ́wọ́ o! Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó já sí.

Mo ní aya kan, Àwẹ̀ró. Kò ga, ó pupa, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí mo bá ti igbó dé lọ́wọ́ òfo, á ní, "Ọkọ mi, ẹran wo lẹ dárí jì lónìí?" Yéè! Ta ni yóò tún fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, èmi nìkan ló lọ. N kò pe ẹgbẹ́, n kò wo ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí, mo ṣáná sí koríko. Afẹ́fẹ́ yí padà, iná fo odò gbígbẹ, ó kọrí sí abà wa níbi tí Àwẹ̀ró ti ń sá láfún. Àwọn àgbà ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Èmi lé ọ̀yà nígbà tí ilé mi ń jó. Méjì ni mo pa, mo gbé wọn kọ́ èjìká, mo ń súfèé bọ̀ wálé, òrùlé abà sì ti wó lé aya mi lórí.

Ìlú bèèrè ẹni tó dáná. Mo ní n kò mọ̀, mo ní bóyá àjèjì kan tó ń kọjá ni. Ìyá Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ ṣe ọkàn gírí." Mo jẹ́ kí ó máa tù mí nínú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àárò Àwẹ̀ró fi ń sọ mí, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, tí ẹ̀rín àwọn obìnrin ìlú ń dùn mí bí ẹ̀gún. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn tí iná pa a máa gbé ní Igbó Eléérú fún ọdún méje kí wọ́n tó dé ọ̀run, mo mú ìbọn, mo di gààrí sápò, mo jáde lówùúrọ̀ láti lọ mú un bọ̀ wálé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo rìn. Igi ibẹ̀ dúdú láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó, ẹyẹ ibẹ̀ kò ní ìyẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Iwin kan jókòó dí ojú ọ̀nà, Ààrò-Mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀, olórí mẹ́ta tó ń yọ èéfín ní ihò imú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Orí àkọ́kọ́ ní, "Ọmọ aráyé, ìwọ tí o fi ẹsẹ̀ alààyè tẹ ilẹ̀ òkú, ìwọ tí a kò ránṣẹ́ pè tí o sì wá, kí ni iná ń jẹ tí kì í yó?"

Mo ní, "Kábíyèsí, koríko gbígbẹ ni."

Orí kejì rẹ́rìn-ín títí eérú fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó gbìyànjú! Ó dáa, báwo ni a ṣe ń pa iná tí a kò tíì dá?"

"Baba, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Iná tí kò sí, ta ní í pa á?"

Orí kẹta kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó mọ ìdáhùn náà ló wà nínú igbó yìí. Wọlé, ọdẹ. Bí aya rẹ bá di ọwọ́ rẹ mú, ẹ máa lọ sílé. Bí kò bá dì í mú, ìwọ nìkan ni yóò padà."

Mo sáré wọlé. Mo bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń fi ọkọ́ họ ilẹ̀ yí abà wọn ká, títí ilẹ̀ fi pupa, tí ewéko kan kò sí lórí rẹ̀. Àwẹ̀ró wà láàárín wọn. Ó gbójú sókè.

"Ṣé ọ̀yà ti tán láyé ni, Ọkọ mi, tí ẹ fi dé ìhín?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo na ọwọ́ sí i. "Àwẹ̀ró, jẹ́ ká lọ. Ilé kò gbé mi mọ́."

"Ta ló dá iná yẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ló yí padà..."

"N kò bi yín léèrè afẹ́fẹ́."

"Èmi ni."

"Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ó nawọ́ sí ọkùnrin kan tó ń họ ilẹ̀. "Ẹ wo Láwànlé, adẹ́mu Òkè-Apó. Iná ọ̀yà ló gbé e wá ní èṣí, ọmọbìnrin rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́, ẹ̀rù ìbá ba àwọn ọdẹ yòókù. Ilé wù mí, Ọkọ mi. Ó wù mí débi pé mo ń gbọ́ òórùn láfún mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi irọ́ gba ìtùnú lọ́wọ́ ìyá mi, n kò lè dì í mú."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, ó mirí. Ó wá ní, "Iná tí a kò tíì dá, ilẹ̀ híhọ ni a fi ń pa á. Ẹ họ ilẹ̀ yí oko àti ilé ká kí ọyẹ́ tó dé, kí ó fẹ̀ ju ibi tí iná lè fò. Ẹni tó bá máa jó oko, kó jó o nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, kó sọ fún gbogbo alábàágbé oko, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi lè ki ọwọ́ bọ eérú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kó gbàgbé ìṣáná sílé." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn mọ́, èmi ni mo ń wo ẹ̀yìn títí mo fi jáde.

Mo dé Òkè-Apó, mo ní kí baálẹ̀ pe ìlú jọ, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ìyá Àwẹ̀ró wò mí, ó wò mí, ó sì yí padà lọ sílé. Àwọn ọdẹ ní orí mi ti dàrú, pé baba ta ni kò jó ìgbẹ́ rí? Mo mú ọkọ́, èmi nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀ yí ìlú ká. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ìyá arúgbó náà ní òdìkejì, ó ń họ ilẹ̀ bọ̀. Kò kí mi. Nígbà tí ìlú rí ẹni ọdún àádọ́rin tó tẹ̀ba nínú oòrùn, ojú tì wọ́n, wọ́n jáde tọmọdé tàgbà.

Lọ́dún náà, iná ńlá ti oko ìlú mìíràn bọ̀. Ó ké ramúramù dé etí ilẹ̀ pupa náà, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ẹnì kankan kò kú. Gbogbo ìlú ń jó, ń yọ̀. Ìyá Àwẹ̀ró wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo èéfín. Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́ títí di òní, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá mi sọ. Ó ní, "Báyìí ni ìbá ti rí."

Ẹ̀yin ará abà yìí, ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ó ku oṣù kan kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ìyá kankan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín létí láéláé. Ó tó, ẹ dìde, ẹ lọ mú ọkọ́ yín wá.