Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Gbé Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ fún Ẹnikẹ́ni

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí iṣu bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì, nítorí orin ń bọ̀. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí ọba, kò bà sórí ìjòyè. Orí Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó ń dá gbé, ló bà sí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní agbọ̀n irúgbìn àgbàdo kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un kí ó tó kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun ni yóò gbìn. Bí ó bá sì sọnù, ebi ọdún kan gbáko ń dúró dè é.

Ní àkókò yìí, olè ti wọ ìlú àwọn ẹranko. Ọ̀sán gangan ló ń jà, nígbà tí gbogbo ará ìlú bá wà lóko. Bí wọ́n bá dé, wọn yóò bá àgádágodo ní títì bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé yóò ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kan, Àgùntàn, aládùúgbò Ọ̀kẹ́rẹ́, káwọ́ lérí. "Yéè! Àǹjọ̀nú ti kó ẹ̀wà mi lọ!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àgùntàn," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n àǹjọ̀nú wo ló ń ti ilẹ̀kùn pa dà lẹ́yìn tó bá jalè tán? Ẹ jẹ́ kí n wo kọ́kọ́rọ́ yín."

Ó gbé e sójú oòrùn. Ohun kan pupa rúsúrúsú há sí eyín kọ́kọ́rọ́ náà. Ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀: ìda oyin ni, ohun rírọ̀ tó máa ń gba àpá ohunkóhun tí a bá tẹ̀ mọ́ ọn.

"Ta lẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yìí fún rí?"

"Èmi? N kò gbé e fún ẹnikẹ́ni o! Àfi Bàbá Ọ̀bọ nìkan, tó bá mi ṣàdúrà sí i."

Àṣà ìlú náà ni pé bí ẹnìkan bá ra àgádágodo tuntun, ará àdúgbò yóò pé jọ bá a yọ̀. Wọn yóò ní, "Ẹ kú ìnáwó," wọn yóò jẹ àádùn. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀bọ, tí í ṣe àgbà àdúgbò, yóò gba kọ́kọ́rọ́, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á mọ́ pinpin, yóò sì ṣe àdúrà tó gùn títí tí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro gbogbo wọn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ náà pa dà fún Àgùntàn. Ó gba ọ̀dọ̀ Àkàn alágbẹ̀dẹ lọ.

Àkàn gbé àgádágodo ràgàjì kan jáde, ó ń dán yànrànyànràn. "Èyí ni gbogbo ìlú ń rà, àbúrò. Olè tó bá rí i á sá!"

"Ìkọ́ tó so ó mọ́ ilẹ̀kùn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìṣó kéékèèké mẹ́rin la fi ń kàn án."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi igi kan wọ́ ìkọ́ tí Àkàn kàn mọ́ pákó láti fi han oníbàárà. Fọ́ọ̀! Ìkọ́ já. "Olè kò ní í bá àgádágodo jà rárá," ni ó wí. "Ìkọ́ ni yóò fà yọ."

Àkàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mú ju ẹ̀mú mi lọ!" Ó wá gbé dúdú kan jáde, kò dán, kò lẹ́wà, ó wúwo bí ọlọ. Irin ìkọ́ rẹ̀ máa ń gún pákó já, a ó sì tẹ ẹnu rẹ̀ ká láti inú ilé.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan péré."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí yín kí n wò ó bóyá òmíràn wà níbẹ̀."

"Wò ó tán, kí o máa lọ ilé rẹ!"

Ó wò ó tán. Ó rà á. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ará àdúgbò pé jọ sílé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀bọ wọlé jẹ́jẹ́ nínú agbádá. "Kú ìnáwó, ọmọ mi. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá kí n ṣàdúrà sí i."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣe é láti ibi tí ẹ jókòó sí, yóò dé ọ̀dọ̀ mi."

Hà! Ilé dàrú. Gbogbo wọn fi orin sí i, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń dá wọn lóhùn:

Ọ̀kẹ́rẹ́, gbé kọ́kọ́rọ́ wá!
*N kò gbé e, gbáà!*
Àgbà ló ń bẹ̀ ọ́!
*N kò gbé e, gbáà!*
Gbogbo àdúgbò ló gbé e!
*N kò gbé e, gbáà!*
Olè yóò kó ẹrù rẹ!
*N kò gbé e, gbáà!*

"Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà yìí?" ni Àgùntàn ń pariwo. "O fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Ẹ fi aláìgbọràn sílẹ̀," ni Ọ̀bọ wí. "Ilẹ̀kùn tí n kò bá gbàdúrà sí, kò ní í pé ọjọ́ mẹ́ta."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ó dára, n óò gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ la àtẹ́lẹwọ́ yín kí gbogbo wa rí i."

Ọ̀bọ di ẹ̀ṣẹ́. "Ọwọ́ àgbà lo fẹ́ yẹ̀ wò?"

"Àní ọwọ́ yín, Bàbá."

Bí wọ́n ṣe ń fà á, oyin kan fò wọlé, wìììì, ó ń yí ẹ̀ṣẹ́ Ọ̀bọ ká. Èkejì dé. Ẹ̀kẹta dé.

"Ṣé àwọn náà wá ṣe àmín ni?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í.

Oyin ta Ọ̀bọ, sín-ín! Ó ké, ó la ọwọ́. Ìṣù ìda bọ́ sílẹ̀, pọ̀tọ̀! "Irú ìda yìí ló wà lára kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgùntàn!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Gbogbo wọn sáré lọ sí ilé Ọ̀bọ, wọ́n sì bá kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá tó fi òjé rọ níbẹ̀, pẹ̀lú àpò ẹ̀wà Àgùntàn. Kí wọ́n tó yíjú pa dà, Ọ̀bọ ti gun igi lọ. Orí igi ló ń gbé títí di òní, níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí.

Kìnnìún ọba gbọ́. Ó wá fúnra rẹ̀. "Láti òní lọ, kí gbogbo ìlú kó kọ́kọ́rọ́ wọn wá sí ààfin. Èmi ni yóò máa tọ́jú wọn."

"Kábíyèsí o!" Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń tú kọ́kọ́rọ́ wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "N kò gbé e."

Ọba kùn hùùù. "Ṣé olè ni mo jẹ́ lójú rẹ?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n irúgbìn mi ló wà níbẹ̀. Bí ó bá sọnù, ebi kò ní í pa yín. Èmi ni yóò pa."

Àgùntàn rọra na ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nílẹ̀, ó fi í bọ abẹ́ irun ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù mú tiwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi mọ́ féfé níwájú ọba. Kìnnìún yí pa dà, ó lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbin àgbàdo rẹ̀, kò dín ẹyọ kan.

Ibí ni mo ti àlọ́ mi pa, gbàgà! Ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí.

Ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí a yẹ ìkọ́ wò, kí a yẹ ìṣó wò, kí a sì mọ iye kọ́kọ́rọ́ kí a tó ra àgádágodo. Ó kọ́ wa pẹ̀lú pé kí a má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí pé ojú ń tì wá. A lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn wa.