Ọkùnrin Tó Se Òkúta

Ọkùnrin kan wà tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀ sí Àpápá, hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ jókòó sí. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀, omi òkun ló kún inú rẹ̀. Ẹja kan tó pọ́n bí ọsàn, tó ní ìlà funfun lára, ń gbé inú omi náà. Bí obìnrin náà bá ti jókòó báyìí, ẹja á súnmọ́ gíláàsì, á tẹjú mọ́ ọn. Obìnrin náà á ní, "Alága ti dé. Ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀." Wọn á wá mu mínírà wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ìpàdé.

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, hòtẹ́ẹ̀lì pàápàá ń palẹ̀ mọ́. Ó gbọ́, ó sáré lọ bá obìnrin tó ni ín, ó ní kó ta àpótí náà fún òun, tòun ti Alága. Nínú gbogbo àwọn tó máa ń jókòó sí ìpàdé wọn, ẹja yẹn nìkan ló kù fún un.

Iyọ̀ ti dì mọ́ pọ́ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Gíláàsì ti ṣú. Òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ̀ ọ́ jù o. Ìdọ̀tí yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe."

"Màdáámù, kúùkù ni mí."

Ó gbà pé èsì nìyẹn.

Ó gbé e délé. Ó rẹ pọ́ǹpù sínú ọtí kíkan títí iyọ̀ fi bọ́, pọ́ǹpù sì tún ń kùn bí oyin. Ìyẹn dára. Ó fọ gíláàsì. Ìyẹn náà dára. Ó wá kó òkúta sínú ìkòkò, ó gbé e kaná, ó sè wọ́n bí ẹní se iṣu. Ní ti fóòmù dúdú tó wà nínú asẹ́ tí omi àpótí ń gbà kọjá, kò tilẹ̀ gbé e kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun kì í gbé ìríra wọ ilé tí ìyàwó òun gbá. Ó pọn omi òkun tuntun, ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó mi orí pé iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ó tú Alága sínú rẹ̀.

Omi náà mọ́ gaara, èèyàn lè ka Bíbélì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pẹ́, Alága fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé ò tíì parí."

Ó padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.

"Màdáámù, mo ti se òkúta. Mo wá gba ìdọ̀tí mi."

"Mo ti ń retí yín." Fóòmù dúdú náà wà nínú ike ọ̀dà kan, nínú omi àtijọ́, obìnrin náà sì ti pa òkúta kan mọ́ sínú rẹ̀. "Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ló ń jẹ ẹ̀gbin ẹja kí omi má bàa di májèlé. Èyí tó wà lára òkúta, ẹ̀yin lẹ sè wọ́n jinná."

Ó gbé ike náà lé itan délé bí ọmọ ìkókó. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Alága ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ó dìde.

Gíláàsì náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà gbé àga méjì síwájú rẹ̀, ó ṣí mínírà méjì. Alága súnmọ́ gíláàsì, ó wo àga tó ṣófo títí.

"Ìyàwó mi ní kí n bá òun tọrọ àyè lọ́wọ́ ìpàdé," ni ọkùnrin náà wí.

Ìwọ tí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí, mo gbọ́ pé o ti kun ilé bàbá rẹ ní ọ̀dà funfun. Ó dára. Mo tún gbọ́ pé o fẹ́ mú ìyá àgbà yẹn kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí pé aáṣáà rẹ̀ ń ba ògiri jẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ló ń parí ìjà nínú ilé yẹn? Fọ gíláàsì rẹ. Tún pọ́ǹpù rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀ kúrò lórí iná.