Róòsì Inú Garawa Ọ̀dà

Obìnrin kan wà ní ìlú kan lápá Èkìtì, Ìyá Fẹ́yí ni wọ́n ń pè é. Àkọ́bí ọmọ ilé ni ọkọ rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, òun nìkan ni ìyàwó tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní. Òun ló ń gbé omi gbígbóná lọ fún màmá náà láàárọ̀, òun ló ń bá a lọ sí ọsibítù, òun ló sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó tirẹ̀ wálé. Tinúadé ni orúkọ ìyàwó náà. Olùkọ́ ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó sì mọ bí a ti ń pa àgbà lẹ́rìn-ín. Ilé kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé kan náà ni àwọn ìyàwó wọn sì ń lò. Màmá ń gbé tirẹ̀ ní ilé àtijọ́ tó wà létí títì. Bí Ìyá Fẹ́yí bá gbé ọbẹ̀ dé ibẹ̀, tó bá Tinúadé lórí ìjókòó, tí màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, abọ́ ọbẹ̀ náà á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Owú kì í pariwo. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń jẹ ẹni tó ni ín.

Igi róòsì kan wà lábẹ́ fèrèsé màmá, òdòdó rẹ̀ pupa fòò. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbìn ín fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní àdúgbò. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mú títì fẹ̀ sí i, wọ́n wá sàmì sí ògiri. Gbogbo ohun tó wà níwájú ilé ló máa lọ, igi róòsì náà sì wà lára wọn. Ó ti dàgbà kọjá èyí tí a lè hú lọ gbìn síbòmíràn.

Màmá pe àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì. Ó gé ẹ̀ka méjì tí kò rọ̀ jù, tí kò sì gbó jù. Ó gé ìdí wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ lábẹ́ oríkèé, ó já ewé ara wọn dànù, ó sì fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣáà mọ bí a ti ń gbin igi ẹ̀gẹ́," ni màmá wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé èyí ń fẹ́ ìkẹ́. Ẹ fi sínú iyẹ̀pẹ̀ tó ní yanrìn. Ẹ gé ike omi dé e lórí kí ara rẹ̀ má baà gbẹ, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ má hú u wò. Baba yín ló gbìn ín fún mi, mi ò fẹ́ kó parẹ́."

Ìyá Fẹ́yí wo ẹ̀ka ọwọ́ rẹ̀, ó wo ti ọwọ́ Tinúadé. Lójú tirẹ̀, ti ìyàwó yẹn ló dára jù. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ojú tí owú bá ti wọ̀ kì í wọn nǹkan dọ́gba mọ́.

Garawa ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun ilé ni àwọn méjèèjì lò, irú kan náà. Wọ́n gbé ti Ìyá Fẹ́yí sí ọ̀tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ti Tinúadé sí òsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni katakata tó ń la títì dé iwájú ilé màmá. Màmá kò jáde wò ó.

Kò pẹ́ tí ti Tinúadé fi yọ ewé. Ti Ìyá Fẹ́yí dúró gbagidi bí igi ìdáná. Bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, kì í wo tirẹ̀ mọ́, ti ìyàwó ni ojú rẹ̀ máa ń lọ bá.

"Ìyá Fẹ́yí, ẹ wá wò ó, ó tún ti yọ òmíràn," Tinúadé á pè é.

"Mo ti rí i," lòun náà á dáhùn, á sì máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń sọ pé ilẹ̀ pàápàá ti ń gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin yìí.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ara ìyá tó bí Tinúadé kò yá, ó sì ní láti lọ dúró tì í. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ fún ìyálé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi máa bomi rin róòsì mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè fi lé lọ́wọ́."

"Má dààmú. Kí o bá wọn lálàáfíà."

Ó kọ́kọ́ ń bomi rin ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan nílé, ó dúró sáàárín garawa méjèèjì. Ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Ó fọwọ́, ó wọlé lọ gbé ẹ̀wà kaná. Ó retí kí àyà òun já, kò já. Oorun alẹ́ ọjọ́ náà tilẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Tinúadé padà dé, ó bá igi gbígbẹ nínú garawa tó wà ní ipò tirẹ̀.

"Ewé rẹ̀ dà?"

"Ooru ló mú un," Ìyá Fẹ́yí wí. "Mo ṣe é títí, kò gbà."

Tinúadé wo ti ìyálé rẹ̀ tí ewé ti bò, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó ní, "A dúpẹ́ pé tiyín yè. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi ṣe wàhálà." Ó fi èékánná ha ara igi tó wà níwájú rẹ̀, ó rí i pé abẹ́ èèpo rẹ̀ ṣì tutù, kò sì dà á nù. Ìdúpẹ́ náà gún Ìyá Fẹ́yí. Àmọ́ kò gún un débi tí yóò fi dá garawa padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, màmá ní òun ń bọ̀ wá wo róòsì òun. Ìyá Fẹ́yí ṣí ike kúrò, ó gbé garawa lọ sí iwájú ilé nínú oòrùn, kí gbogbo ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lè rí i. Kí màmá tó dé, ewé náà ti rọ, ó so bí àkísà tí a sá. Màmá fà á díẹ̀, ó sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti dúdú.

"Èyí kò ta gbòǹgbò rárá," màmá wí. "Omi tó bá ara ẹ̀ka wá ló fi ń yọ ewé. Ó jẹ ara rẹ̀ tán ni. Ìyàwó, tìrẹ ńkọ́?"

Tinúadé gbé garawa tirẹ̀ wá, ojú ń tì í. Màmá fọwọ́ ti igi náà jẹ́jẹ́. Kò mì.

"Èyí ti mú ilẹ̀," ni màmá wí. "Gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń wá. Máa wò ó."

Ìyá Fẹ́yí mọ igi náà, tirẹ̀ ni. Bó bá ní tòun ni, yóò ní láti sọ bó ṣe dé ibẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, igi náà yọ ẹ̀ka, ó sì tanná pupa fòò. Màmá tẹ orí sí i, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wá, wọ́n ń kí Tinúadé pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìyá Fẹ́yí ló ń gbé àga fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ohun ẹlòmíràn ló ń jowú. Ní báyìí, ohun tí í ṣe tirẹ̀ ló ń jowú, èyí sì korò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Tinúadé mú ẹ̀ka kan tọ̀ ọ́ wá.

"Mo gé èyí fún yín, mà. Kò dáa kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà."

Ìyá Fẹ́yí fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó mi." Ó gbìn ín, ó sì yè. Bí àlejò bá bi í léèrè ibi tó ti rí irú òdòdó bẹ́ẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi ló fún mi." Á sọ ọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín, á sì wọlé lọ jókòó.

Ìwọ tí o wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi yìí, o ní ọjọ́ kan náà ni ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù. O ní èrò ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, tìrẹ sì dákẹ́, o sì ti ń gbèrò ohun tí o máa ṣe. Mi ò ní bi ọ́ pé kí ni. Ṣùgbọ́n ewé lo rí lọ́dọ̀ rẹ̀, o kò rí ìdí rẹ̀. Èyí tó dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o kò tíì mọ ohun tó ń ṣe nínú ilẹ̀, o sì ti fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Dìde, máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ilẹ̀ ti mọ́, o kò sì tíì gbálẹ̀ ibẹ̀.