Ẹbọ Tí Wọ́n Ní Kí Láníhùn Rú Nítorí Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà Láníhùn ń kú kí ó tó jí. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ á hó, iná ojú rẹ̀ á tàn, àwòrán á fẹ́ yọ, gbogbo rẹ̀ á sì ṣókùnkùn lójijì. Iṣẹ́ fọ́tò yíyà ni Láníhùn fi jẹun títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ó sì ń dá gbé ní Ìgbájọ láti ìgbà tí Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú. Morádéùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánádà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni Láníhùn fi lè rí ojú ọmọ náà, nítorí fóònù kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ.

Gbogbo ẹbí ló ti gbà pé Yétúndé ni ọmọ náà yóò jẹ́, pé Àmọ̀kẹ́ ló padà wá. Láníhùn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ni òun bá obìnrin náà gbé, bí òun bá rí i, òun yóò mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó lè mú òun sọ ọmọ tí òun kò rí lójú lórúkọ. Ìdí nìyí tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ bí ọjọ́ ìkómọ ti ń sún mọ́lé.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí gáréèjì. Abọ́sẹ̀dé kì í yára sọ̀rọ̀. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tàn án. Ẹ̀rọ náà jí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì kú.

"Bàbá, àìsàn yìí kò sí lára ẹ̀rọ," ni ó wí. "Ilé yín ni mo máa wá wò."

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dé ilé Láníhùn, kò jókòó. Ó dúró láàrin pálọ̀, ó ń tẹ́tí. Fíríìsà tí Àmọ̀kẹ́ fi ń ta omi tútù ló ń hó ní kọ̀rọ̀. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́, ìdérí rẹ̀ kò sì pa dé dáadáa, nítorí náà kì í sinmi rárá níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Bí iná bá lọ, Láníhùn a gbé àga rẹ̀ lọ síta, nítorí kò lè fara da bí ilé náà ṣe máa ń dákẹ́.

Abọ́sẹ̀dé tan kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ náà ti ń dìde, gílóòbù òkè àjà ṣe bí ẹni fẹ́ kú, kọ̀ǹpútà náà sì kú. Obìnrin náà na ọwọ́ sí wáyà fíríìsà. Láníhùn gbá a lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Iná tó ń wọ ilé yín kò lágbára, kọ̀ǹpútà sì máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń dìde. Fíríìsà yìí kì í jẹ́ kó rí tirẹ̀ fà. Ẹbọ tí ẹ ó rú kò pọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná."

"Àmọ̀kẹ́ ló tàn án," ni Láníhùn wí. "Bí àwọn oníná bá mú iná lọ, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi pa á? Rárá o. Sọ ẹbọ mìíràn."

"Kò sí òmíràn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó."

Láníhùn kò rò ó. Bí Abọ́sẹ̀dé ti lọ tán ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọmọ àná mọ̀ nípa ilé òun. Ó lọ ra sítébiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé, ńlá kan tó ń dán yinrin, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó sì dá a lójú pé òun ti gbọ́n ju ẹbọ lọ.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù hó, àwòrán fẹ́ yọ, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó tún un tẹ̀. Sítébiláísà ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, fíríìsà ń hó lẹ́yìn rẹ̀, òógùn sì bò ó. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí fóònù kékeré fi dún.

"Bàbá, a dúró dè yín títí ó fi sú àwọn èèyàn." Morádéùn ń sunkún. "Bàbá ọkọ mi ti sọ ọ́ ní Yétúndé."

Láníhùn gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó tòun ti agbádá rẹ̀, kò sí ẹnì kan nílé tí yóò kí i pé ó kú oríire. Ó dùn ún wọra.

Ó dìde níkẹyìn, ó lọ ṣí fíríìsà náà. Yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, má bínú," ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ. Ilé náà dákẹ́ lọ́nà tó fi bà á lẹ́rù. Ó wu ú kí ó gbé àga rẹ̀ bọ́ síta, ṣùgbọ́n ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà dìde, kò sì kú mọ́.

Ó pe Morádéùn. Morádéùn gbé ọmọ náà sókè. Láníhùn sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án, ó wo iwájú orí ọmọ náà, ó wo etí, ó wo ẹnu.

"Bàbá, ṣé Màmá ni?" ni Morádéùn bi í.

"Òun kọ́." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá rẹ ti lọ, ọmọ mi. Ẹni tuntun lèyí. Morẹ́nikéjì ni mo sọ ọ́."

Ọmọ náà ti sùn. Nínú ilé tó dákẹ́ náà, Láníhùn ń gbọ́ bí ó ti ń mí, kò sì mira.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Má tíì pa ẹ̀rọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kẹ́gàn ẹbọ ṣe kábàámọ̀, nítorí Yétúndé ni gbogbo èrò ìkómọ gbọ́, títí di òní ni wọ́n sì ń pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì rú u rí ire. Láníhùn kan náà ni àwọn méjèèjì. Òun nìkan ló ń pe ọmọ náà ní Morẹ́nikéjì, ọmọ náà sì ń jẹ́ ẹ.