Áàpù Tí Kò Kí Ọ̀gá

Irọ́ ni Làmídì tá a jọ jókòó nídìí súyà yìí ń pa pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í lẹ́nu níwájú ọ̀gá. Èmi tí mo rìn ju bàbá ẹ̀ lọ ni kó bi! Bánkọ́lé, ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà kan n'Ìbàdàn, máa ń ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ odidi áàpù wá fún ìdánwò. Á ní onítọ̀hún ò yege, á sì ta áàpù náà gbowó. Ìbíwùmí tó ń wáṣẹ́ gbọ́ ìwà ẹ̀ yìí, ó kọ èyí tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò lọ fún un. Ọ̀gá dán an wò lórí fóònù ara ẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ló bá ní, "O ò yege, máa lọ." Ó wá pe àwọn onímọ́tò kí wọ́n wá rà á. Bí kálukú ṣe ṣí i lórí fóònù tiẹ̀, ni áàpù náà ń pariwo: "Ẹ káàárọ̀ o! Ìbíwùmí ló kọ mí fún ìdánwò, ó ṣì ń wáṣẹ́!" Ọ̀gá nìkan ni Ìbíwùmí ti ní kó má kì í. Ẹ̀rín pa àwọn onímọ́tò. Ọ̀gá sáré pè é lórí fóònù: "Ìbíwùmí, ọmọ dáadáa, jọ̀ọ́, pa á lẹ́nu mọ́!" Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, tí wọ́n bá ti gbà mí síṣẹ́, kò ní rí nǹkan kan sọ mọ́." Níṣojú gbogbo wọn ló gbà á. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yìí, pe onísúyà yẹn kó gé tèmi nípọn, ìwọ lo máa sanwó!