Sáńṣà Tó Gbé Àjàrà Funfun Sọdá Àfonífojì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fúrúẹ́là, olórí ogun tí kò mọ àánú, ti dáná sun ọgbà àjàrà àwọn ará Fádóró ní ilẹ̀ Sípéènì àtijọ́, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti sìn ín. Nígbà tí èéfín tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú nísàlẹ̀ òkè, ọkàn gbogbo ìlú pòrúurùu. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ wólẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Sáńṣà opó, Sáńṣà arìn-má-rẹ̀ẹ́, ti wà lóko láti àárọ̀, ó ń gé ẹ̀ka àjàrà funfun tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù wé e.

Gọ́tò, àgbà ìlú, bi í pé: "Sáńṣà, ilé fẹ́ jó, igi lò ń dì lẹ́rù?"

"Baba, ilé tó jó, ẹwà ló ń bù sí i. Irúgbìn tó bá run ńkọ́? Ẹ dìde, ká máa lọ."

Ogójì ìdílé tẹ̀ lé e gorí òkè. Sáńṣà kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi pẹ́. Bó bá rí omi, ẹ̀ka àjàrà ló ń kọ́kọ́ fún mu kó tó kan ẹnu tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n sọdá afárá onígi kan lórí àfonífojì jíjìn, ìró ẹsẹ̀ ẹṣin sì dún lẹ́yìn wọn. Sáńṣà gbé ẹrù rẹ̀ lé Gọ́tò lọ́wọ́, ó fa àáké yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òpó afárá.

Fúrúẹ́là kígbe láti òdìkejì: "Obìnrin, padà! Mo ti forí jì ọ́."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ọ́? Ìwọ lo sun oko, àwa la gbin ín. Bó o bá lè fò, máa bọ̀!"

Ọfà wọ Sáńṣà léjìká. Àáké kò dúró. Afárá já tòun tẹṣin mẹ́ta.

Ilẹ̀ funfun olókùúta ni wọ́n tẹ̀ dó sí, wọ́n pè é ní Alibarósà. Lọ́dún kẹta tí wọ́n gbin ẹ̀ka náà, àjàrà so, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó mọ́lẹ̀ bí oyin tuntun. Wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n sá a sóòrùn de ìgbà òtútù, wọ́n fún omi rẹ̀ ṣe wáìnì. Èyí tó bá kan, wọ́n a fi fọ ọgbẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí wáìnì àkọ́kọ́, Gọ́tò fa àpótí fún Sáńṣà. "Jókòó, Ìyá Ìlú."

"Ẹ máa mu tiyín, Baba. Etí mi ò tíì gbàgbé ẹsẹ̀ ẹṣin." Lórí ìdúró ló ti mu tirẹ̀, ó kọjú sí òkè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dọọdún títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà, ní Alibarósà, kò sẹ́ni tí í jókòó mu ife àkọ́kọ́ ọdún. Wọ́n a kọjú sí òkè, wọ́n a dákẹ́, wọ́n a tẹ́tí sílẹ̀. Ìgbà tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan ni àgbà ìlú tó máa ní kí wọ́n jókòó.